Ìyá Àkísà Kọ́ Bí A Ṣe Ń Dá Káàdì Padà

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ nílé ayé, kò tí ì sí aránṣọ tó ní ìfẹ́ àjákù bíi Ìyá Àkísà. Bí àjákù náà kò tilẹ̀ ju èékánná ọmọ tuntun lọ, yóò ní, "Ẹ fi sílẹ̀ jàre, yóò wúlò." Àpò àjákù mẹ́rin ló dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ bíi sójà. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ gbá wọn dànù, kó kọ́kọ́ lọ dágbére fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ yìí ti wá. Orúkọ tí bàbá tó bí i sọ ọ́ ti sọnù sáàárín àkísà náà, òun náà kò sì wá a.

Àjákù yìí ló fi tọ́mọ. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ fún un, àti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ kan tó máa ń dún bíi reluwé. Ìyá Àkísà so àjákù pọ̀ mọ́ àjákù, ó fi rán aṣọ ìbora, ó fi rán àpò ìwé, ó fi rán ìrọ̀rí, títí ọmọ náà fi kàwé tó sì di olùkọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé ohun kan wà láyé tí kò wúlò, ńṣe ni yóò wo onítọ̀hún bí ẹni tó ń bú ìyá rẹ̀.

Yàrá kan tó gùn bí àlàyé agbẹjọ́rò ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́ta mìíràn ló bá a wà níbẹ̀. Èkíní ni aláago tó ń tún aago ṣe, tí wọ́n ń pè ní Olójúkan nítorí awò kékeré tó máa ń há sójú ọ̀tún. Àwọn kan láàdúgbò ń búra pé ńṣe ni wọ́n bí awò náà mọ́ ọn. Èkejì ni onígbàjámọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ rẹ̀ lọ, tí wọ́n ń pè ní Rédíò. Ẹ̀kẹta ni atúnbàtàṣe, ọkùnrin kan tó máa ń dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà fi máa ń kí bàtà kó tó kí i. Ògiri ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Yàrá gígùn yìí, fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, fèrèsé yìí sì ni ìjà. Olójúkan ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nítorí eyín aago. Ìyá Àkísà ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ nítorí ojú abẹ́rẹ́. Rédíò ń fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá rí òun. Ìyá Onílé, ìyá àgbà kan tí kò gba ariwo láàyè, ló dá òfin sílẹ̀ tí wọ́n fi sinmi ìjà: lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kun yàrá náà tí gbogbo ẹrù wà níta, kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó ta káàdì póka. Ẹni tó bá borí ni yóò kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀ wọlé, ibi tó bá sì gbé e sí ni tirẹ̀ títí ọdún yóò fi yí po. Bọ́tìnnì ni kí wọ́n fi ta á. "Ẹni tó bá fi owó ta káàdì lábẹ́ òrùlé mi," ni Ìyá Onílé wí, "kó di ẹrù rẹ̀ kó máa bá owó rẹ̀ lọ."

Ọdún mẹ́ta ni Olójúkan fi ń gba fèrèsé léraléra. Ọdún mẹ́ta náà ni Ìyá Àkísà fi ń ránṣọ lẹ́yìn dígí Rédíò, níbi tí òkùnkùn ti ki débi pé èèyàn lè fi àlùmọ́gàjí ge é. Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Lọ́dún yìí ló rán apá òsì méjì sí ẹ̀wù nọ́ọ̀sì kan. Nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kọjú sẹ́yìn látàárọ̀ dalẹ́ bí ẹni tó ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí ọmọ rẹ̀ olùkọ́. Ó wá.

"Màámi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yìí jù sílẹ̀. Ẹ wá sílé mi, kí ẹ máa jókòó, kí ẹ máa wo tẹlifíṣọ̀n."

"Kí n máa wo kí ni?"

"Màámi, ojú yín ń ṣú."

"Ojú mi kò ṣú, ibẹ̀ ló ṣú. Gbọ́, ọmọ mi. Tí mo bá gba fèrèsé lọ́dún yìí, o ò gbọdọ̀ dárúkọ tẹlifíṣọ̀n sí mi létí mọ́. Tí mi ò bá gbà á, èmi fúnra mi ni màá fi aṣọ bo ẹ̀rọ, tí màá tẹ̀lé ẹ."

Ọmọ rẹ̀ gbà kíákíá, nítorí gbogbo ayé ló mọ bí Ìyá Àkísà ṣe ń ta póka. Òun ló máa ń kọ́kọ́ jáde. Nínú póka wọn, olúkúlùkù yóò fi bọ́tìnnì kan wọlé, wọn yóò fún un ní káàdì méjì tí òun nìkan yóò wò. Lẹ́yìn náà, wọn yóò ṣí káàdì márùn-ún sílẹ̀ láàárín fún gbogbo èèyàn, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí káàdì ọwọ́ rẹ̀ bá bá ti ilẹ̀ mu jù ló ń kó bọ́tìnnì, ẹni tí tirẹ̀ bá sì tán ti jáde nìyẹn. Bí káàdì ọwọ́ ẹni kò bá dára, èèyàn lè jù ú sílẹ̀ kó má fi bọ́tìnnì kún un mọ́. Ìyá Àkísà kò jù ú sílẹ̀ rí. Ohunkóhun tí wọ́n bá fún un, ó ń tẹ̀ lé e dé òpin, bí ẹni tó ń sin àlejò dé ẹnubodè.

Ló bá lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀gbọ́n yìí ti se oúnjẹ nínú ọkọ̀ òkun títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi funfun. Kúùkù ni wọ́n ń pè é. Kúùkù ti ta póka nígbà tí ìgbì òkun ń gbé tábìlì káàkiri, tí òun àti àwọn atukọ̀ ń sáré lé tábìlì pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́, tí ẹja ńlá kan sì ń yọjú wo káàdì rẹ̀ láti ẹnu fèrèsé.

Wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Kúùkù ta káàdì méjì fún un. Méje dúdú, méjì pupa. Ìyá Àkísà ti ń na ọwọ́ sí bọ́tìnnì.

"Dúró ná! Kí lo rí níbẹ̀?"

"Méje ni, Bùọ̀dá mi. Méjì náà sì wà níbẹ̀. Ta ló mọ̀? Ó lè wúlò."

Kúùkù fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Àbúrò mi, méje àti méjì kì í ṣe ẹbí, wọn kì í ṣe ọ̀rẹ́, wọn ò tiẹ̀ kí ara wọn. Gbọ́ mi dáadáa. Márùn-ún tó ń bọ̀ nílẹ̀, ti gbogbo ayé ni. Wọn ò mọ̀ ẹ́, wọn ò mọ̀ mí. Méjì ọwọ́ rẹ nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi pẹ̀lú ẹ. Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí lo mú wọlé, kí lo fẹ́ mú jáde?"

"Ìdọ̀tí náà ni."

"O ṣeun! Èyí tó yẹ kó o mú wọlé kò pọ̀. Ìbejì ni àgbà gbogbo wọn. Éèsì méjì tó ju ọba pàápàá lọ, ọba méjì, ayaba méjì, jáàkì méjì: tí irú wọn bá wọlé, má ṣojo, fi bọ́tìnnì kún un, kí ẹnikẹ́ni má wò ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìbejì kéékèèké, rọra bá wọn rìn. Tí èèyàn bá pọ̀ nídìí tábìlì tí ilẹ̀ ò sì bá ẹ bí ẹ̀kẹta wọn, sá. Lẹ́yìn ìbejì, ọlọ́lá méjì tó rìn pọ̀: éèsì àti ọba, éèsì àti ayaba, ọba àti ayaba. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó tún jẹ́ ìdílé kan náà, bíi mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá tí àmì ara wọn jọra. Ìyẹn náà, ó di ìgbà tí wọn ò bá béèrè bọ́tìnnì púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ. Yàtọ̀ sí ìwọ̀nyí, jù ú nù."

"Ọba àti mẹ́ta ń kọ́?"

"Jù ú nù."

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ọba, Bùọ̀dá? Ta ló ń ju ọba nù?"

"Ọba tó ń bá alágbe rìn. Tí ọba mìíràn bá yọ nílẹ̀, inú rẹ á dùn, wàá da gbogbo bọ́tìnnì rẹ sílẹ̀. Ẹlòmíràn tó mú ọba àti éèsì dání á wá máa fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọba ẹ àti ọba rẹ̀ dọ́gba, ẹnìkejì wọn ló máa dájọ́. Òmíràn: níbo lo jókòó sí? Tó bá jẹ́ ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ṣe bí ìyàwó tuntun, má sọ ju èyí tó dá ẹ lójú lọ. Tó bá jẹ́ ìwọ lo máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ṣe bí àgbà. O ti gbọ́ tẹnu gbogbo wọn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ìyá Àkísà létí, àmọ́ kò wọ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò rí káàdì jù. Bí ó bá gbé e sókè láti jù ú, ọwọ́ rẹ̀ yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ní kó ju ọmọ sódò. Kúùkù bínú, ó bẹ̀ ẹ́, ó kọrin fún un, ó fi irùngbọ̀n rẹ̀ búra. Pàbó ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan gbé aṣọ pénpé kan wá, ó ní kí ó fi rán ẹ̀wù gbọọrọ alápá gígùn fún òun. Ìyá Àkísà tú aṣọ náà, ó wọ̀n ọ́n, ó ká a padà, ó nà án sí i. "Ẹ gba aṣọ yín, ẹ má bínú. Kò tó." Obìnrin náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí Ìyá Àkísà fi pariwo, "Mo ti rí i!" Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sáré lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n aṣọ lọ́rùn. Gbogbo àdúgbò rò pé iná ń jó ibì kan.

"Bùọ̀dá mi! Tí aṣọ oníbàárà ò bá tó, ṣé mo máa ń jù ú nù?"

"O máa ń dá a padà."

"Ẹ ta káàdì yẹn fún mi!"

Ó ta á. Ọba àti mẹ́rin. Ìyá Àkísà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó rọra tì í padà sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìgbọ̀n. "Ẹ gba aṣọ yín. Kò tó."

Kúùkù dìde, ó jó yí ibùsùn po pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń ro ó.

Ọjọ́ ìkunlé pé. Àwọn akunlé wà nínú yàrá, òórùn ọ̀dà ń jáde, gbogbo ẹrù sì wà lágbàlá lábẹ́ oòrùn: àga Rédíò tó ń yí, dígí rẹ̀ tó ń fi òfuurufú han ara rẹ̀, bẹ́ǹṣì Ògiri, àpótí aago Olójúkan tí gbogbo wọn ń dún "kẹ́, kẹ́, kẹ́" tí ọ̀kan kò bá èkejì mu. Tábìlì ìgéṣọ Ìyá Àkísà ni wọ́n tẹ́ sáàárín. Ọmọ rẹ̀ jókòó lórí ọ̀kan nínú àpò àjákù, ó ká ọwọ́ kò. Ìyá Onílé mú àga, ó na ọ̀pá rẹ̀ sí Kúùkù: "Ìwọ. Mo mọ̀ ẹ́. Tó o bá fi ẹnu sọ̀rọ̀, tó o bá fi ojú sọ̀rọ̀, o ń jáde nìyẹn."

Wọ́n pín bọ́tìnnì, wọ́n ta káàdì. Rédíò ti ń sọ̀rọ̀ kí káàdì tó balẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o! Màmá wa, ṣé kí n ti máa bá yín gbé ẹ̀rọ padà sẹ́yìn dígí? Kí n má dúró de ìrọ̀lẹ́?"

Ìyá Àkísà wo káàdì rẹ̀. Mẹ́jọ àti mẹ́ta. Ó tì í síwájú. "Ẹ gba aṣọ yín. Kò tó."

Gbogbo àgbàlá yíjú sí i. Ó dà bíi pé àwọn aago náà dákẹ́.

"Ó ju nǹkan nù!" ni Rédíò kígbe. "Ìyá Àkísà ju nǹkan nù! Ẹ gbà mí o, ayé ti parí! Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí màmá yìí, bóyá ibà ni!"

"Dákẹ́ kó o wo tìẹ," ni Ìyá Àkísà wí.

Ìpele kejì, kò tó. Ìkẹta, kò tó. Ìkẹrin, ọba àti márùn-ún wọlé. Ọkàn rẹ̀ fò sókè díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò tó. Àwọn akunlé ti fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, wọ́n kó orí wọn jọ sójú fèrèsé bí òròmọdìẹ. Ní ìpele mìíràn, ayaba méjì wọlé. Ìbejì gidi! Ó fi bọ́tìnnì kún un. Rédíò, tí kì í jẹ́ kí káàdì kankan kọjá lójú rẹ̀, da gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú jáàkì àti mẹ́rin. Ilẹ̀ ṣí, ilẹ̀ kò bí ohunkóhun fún un. Rédíò di ẹni ìta.

"Ayaba méjì!" Ó di orí mú. "Màmá, ẹ̀yin náà kẹ̀? Àṣé ẹ ti ń lọ sí lẹ́sìnnì!"

Olójúkan gba gbogbo bọ́tìnnì Ògiri. Ògiri dìde láìsọ nǹkan kan, ó gba káàdì, ó di ẹni tó ń ta á fún wọn. Ó wá ku Ìyá Àkísà àti Olójúkan. Bọ́tìnnì wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti dojú rú. Ìyá Àkísà ń dúró de ìbejì, ó ń dúró de ọlọ́lá, wọn kò wá. Kò tó. Kò tó. Ní gbogbo ìgbà tó bá sì ní kò tó, bọ́tìnnì ìwọlé rẹ̀ ń bá Olójúkan lọ. Òkìtì rẹ̀ ń relẹ̀, tọkùnrin náà ń ga. Kúùkù ń yí lórí ìjókòó bí ẹni tí kòkòrò wọ inú ṣòkòtò rẹ̀. Ó wúkọ́.

"Gbé ikọ́ yẹn síta," ni Ìyá Onílé wí.

Ọmọ rẹ̀ ti dìde lórí àpò. Ó ti ń wo ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń ro bí yóò ṣe wọ inú ọkọ̀. Ìyá Àkísà rí i. Ó wo káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, mẹ́wàá àti mẹ́fà, ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ, ni ọ̀rọ̀ náà bá dúró sí i lẹ́nu.

Kò tó fún ta ni?

Nígbà tí wọ́n jẹ́ mẹ́rin, èèyàn mẹ́ta ló ń bá a du. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má mú nǹkan gidi dání, ìyẹn ṣòro. Ní báyìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kù, ẹni náà sì ń gba àjákù lọ́pọ̀ ìgbà bíi tirẹ̀. Aṣọ tí kò tó fún àgbàlagbà, ṣé kò ní tó fún ọmọdé? Ta ló mọ ìyẹn láyé yìí jù ú lọ? Ohun mìíràn tún là sí i lọ́pọlọ: látàárọ̀, ìgbà tó bá mú ìbejì tàbí ọlọ́lá nìkan ló ń fi bọ́tìnnì kún un. Olójúkan ti kà á, ó ti há a sórí bó ṣe ń há awò sójú.

Ó kó bọ́tìnnì ńlá mẹ́fà, ó fi wọ́n lélẹ̀ "gbà!"

Olójúkan gbójú sókè. Ó wo bọ́tìnnì, ó wo obìnrin náà, ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. "Ó ti dé," ló wí. "Mi ò sí níbẹ̀." Ó ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá Àkísà kó bọ́tìnnì náà wálẹ̀ láìmira. Abẹ́ aṣọ ni ọkàn rẹ̀ ti ń fò bí ẹ̀rọ tí okùn rẹ̀ já. Ó tún ṣe é. Olójúkan sá. Ó jẹ́ kí ọ̀kan kọjá, ó dá a padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó tún wá ṣe ẹ̀kẹta. Olójúkan sá!

"Bàbá Aláago, kí ló ń lé yín?" ni Rédíò ń bi í. "Àbí aago yín ló ń rìn sẹ́yìn?"

"Fi mí sílẹ̀! Ṣé o ò rí i pé obìnrin yìí kì í mú ohun tí kò dáa? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń wá."

Ẹ̀ẹ̀kan náà dé. Olójúkan wo káàdì rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì nà. Ó ti gbogbo òkìtì bọ́tìnnì rẹ̀ síwájú, wọ́n ya wàrà sórí tábìlì. "Gbogbo ẹ̀. Ẹ wá ká lọ."

Ìyá Àkísà ṣí tirẹ̀ wò. Mẹ́sàn-án méjì. Ìbejì ni, kì í ṣe ìbejì ńlá. Kúùkù ní kí á rọra bá irú wọn rìn, pé kí á sá bí èèyàn bá pọ̀. Ó wo iwájú tábìlì. Èèyàn kò pọ̀. Ọ̀kan ni. Bí ó bá tẹ̀ lé e tó sì pàdánù, nígbà tí òkìtì wọn ti dọ́gba padà, kò ní ku bọ́tìnnì kan fún un, ìrọ̀lẹ́ yìí gan-an ni yóò fi aṣọ bo ẹ̀rọ. Ó wo fèrèsé tí ọ̀dà tuntun ti ń dán lára rẹ̀.

"Aṣọ yìí tó," ló wí. Ó ti gbogbo tirẹ̀ síwájú.

Wọ́n ṣí ọwọ́ wọn. Olójúkan ní éèsì àti márùn-ún. Gbogbo èèyàn dìde. Bí éèsì kan bá yọ nílẹ̀, ó parí fún Ìyá Àkísà. Ògiri ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́: ọba, mẹ́rin, méje.

"Éèsì! Éèsì!" ni Olójúkan ń kígbe, ó ń lu tábìlì.

"Má yọjú o, éèsì, jókòó sílé ẹ!" Rédíò ti kọjá sọ́dọ̀ Ìyá Àkísà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Ìkẹrin: jáàkì. Ọmọ rẹ̀ olùkọ́, tó yẹ kó máa gbàdúrà ìdàkejì, di èjìká ìyá rẹ̀ mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fún aṣọ. "Màámi, ó ku ọ̀kan! Ó ku ọ̀kan!"

Ògiri gbé ìkárùn-ún. Ó yí i padà.

Márùn-ún.

"Mo ti mú un!" Olójúkan fò sókè, awò bọ́ lójú rẹ̀, ó ń yí nílẹ̀. "Márùn-ún nílẹ̀, márùn-ún lọ́wọ́! Èmi náà bí ìbejì! Ẹ gbé àpótí aago mi wọlé!"

Akunlé kan ti na ọwọ́ sí àpótí. Nígbà náà ni Ògiri, tí wọn kò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ọdún tó kọjá, la ẹnu.

"Mẹ́sàn-án ju márùn-ún lọ."

Ariwo tó sọ, wọ́n ní àwọn ẹyẹ orí òrùlé kò padà wá títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Kúùkù tó ti ń yọjú láti ẹnu géètì sáré wọlé láìrántí pé ẹsẹ̀ ń ro òun. Rédíò ń jó lórí àga rẹ̀ tó ń yí, àga náà sì jù ú sáàárín àpò àjákù. Ìyá Onílé fi ọ̀pá lu ilẹ̀: "Ó ti yé mi. Ẹ jẹ́ kó gbé ẹrù rẹ̀ wọlé!"

Ọmọ rẹ̀ ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó di orí ẹ̀rọ mú, òun àti ìyá rẹ̀ sì gbé e gba àárín ọ̀dà tútù kọjá, wọ́n gbé e kalẹ̀ sábẹ́ fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sórí tábìlì bí omi. Ìyá Àkísà gbé òwú, ó gbé e sójú abẹ́rẹ́, ó wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó yọ ọ́, ó tún kì í bọ̀ ọ́, ó wọlé. Ó yọ ọ́, ó tún ṣe é. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tó rí omi òjò.

Olójúkan gbé àpótí aago rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó gbé e kalẹ̀.

"Ìyá Àkísà, a ti jọ wà níbí tipẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tí mo sá yẹn, kí lẹ mú dání?"

"Ṣé ẹ san bọ́tìnnì láti wò ó?"

"Rárá. Mo sá ni."

"Ẹni tó sá kì í béèrè nǹkan tó ń lé e."

"Ìbejì ni, àbí? Ẹ sáà ní ìbejì ni, kí n lè sùn."

Ìyá Àkísà fa aṣọ kan sábẹ́ abẹ́rẹ́, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ náà dáhùn pẹ̀lú ariwo bíi reluwé. Olójúkan ṣì ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ ń lọ sókè sódò, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń wí.